Fírígò Amọ̀ àti Òfin Kẹjọ

Nígbà tí mo kó dé kúù wa ní Koumassi, ní Abidjan, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, òfin méje ni mo bá lára ògiri tó dojú kọ ẹ̀rọ omi, ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi kọ wọ́n. Kúù ni à ń pe agboolé tí ọ̀pọ̀ ìdílé jọ háyà, tí gbogbo ilẹ̀kùn kọjú sí àgbàlá kan ṣoṣo, tí gbogbo etí sì ń gbọ́ ohun kan náà. Òfin kìíní ní kí ẹnikẹ́ni má fọ mọ́tò nínú àgbàlá. Kò sí ẹni tó ní mọ́tò. Òfin kẹta ní ewúrẹ́ kò gbọdọ̀ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n bá sá sóòrùn. Òfin karùn-ún ní a kò gbọdọ̀ gbé ẹja dídín sórí àga Alájì. Mo bi ọkọ mi pé ta ló gbé ẹja dídín sórí àga. Ó ní òun ni, àmọ́ ó ti pẹ́.

Alájì ló ni ilé. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ní ìsọ̀ aṣọ ní ọjà Treichville. Kì í pariwo. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ nínú kúù, á jókòó sórí àga rẹ̀, á rò ó títí, á wá sọ ọ́ di òfin. Ohun tí ẹnu rẹ̀ bá sì ti sọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe é, kò ní fi ọ̀rọ̀ kan kún un, kò sì ní yọ ọ̀kan kúrò. Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá ti kó lọ sí Abobo nítorí òfin ewúrẹ́.

Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, ní bíi ọdún mélòó kan kí owó sẹ́fà tó já sí ìdajì. Mètírésì ni wọ́n ń pè mí nínú kúù, nítorí bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin olùkọ́ ní Abidjan nìyẹn. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń lọ kọ́ ìkòkò mímọ ní àtẹliyé kan, ìyẹn ibi iṣẹ́ àwọn amọ̀kòkò. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ìyá ìyá mi fi ìkòkò mímọ tọ́ ọmọ, ìyá mi sá fún amọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, wọ́n wá rán èmi náà ní ilé ẹ̀kọ́ títí mo fi kàwé dé ìdí amọ̀ padà. Nígbà tí ìyá mi gbọ́ ọ ní Nàìjíríà, ó kọ lẹ́tà sí mi. Ó ní òun ò bínú, òun kàn fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ní ilé ìwé gan-an ni.

Àtẹliyé ló ní iná tí wọ́n fi ń sun ìkòkò, àmọ́ ilé ni mo ti ń mọ tèmi, lẹ́yìn tí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Wọn a ta amọ̀ funfun fún mi, màá gbé e lé itan nínú wọ̀rọ̀-wọ́rọ̀, takisí tí èrò jọ ń wọ̀, títí dé Koumassi. Tí a bá dé, ẹsẹ̀ mi á ti kú, awakọ̀ á ní kí n sọ̀kalẹ̀, màá ní kó fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Pẹ̀lú gbogbo ìyà yẹn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú amọ̀. Èyí tó bá gbẹ, mo ń fi omi ṣàn án lọ. Omi tí mo fi fọ ọwọ́, gọ́tà ni mò ń dà á sí. Mo rò pé gọ́tà ń gbé e lọ sínú ọ̀sà. Gọ́tà ò gbé e lọ síbì kankan. Ó ń tọ́jú rẹ̀ fún mi.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ní àsìkò òjò, Alájì jáde wá ṣe àlùwàlá. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, ó gbé búùtà rẹ̀ dání, omi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè láti abẹ́ rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Nígbà tó yá, ó gbé èkejì. Wọ́n ṣí páànù tí wọ́n fi bo gọ́tà, wọ́n sì bá amọ̀ mi níbẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dán, kò tiẹ̀ sí òkúta kan nínú rẹ̀. Amọ̀ tó dára ni. Alájì fi ìka kan án, ó wò mí.

"Mètírésì, ṣé ilé mìíràn lò ń kọ́ sábẹ́ ilé mi ni?"

"Rárá, Alájì. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú." Ó ronú. "Títí di fàǹdìrédì tó ń bọ̀, bí amọ̀ bá ṣì ń wọ gọ́tà yìí, amọ̀ á jáde kúrò nínú kúù mi. Mi ò ní kí ìwọ jáde o. Amọ̀ ni mo wí."

Jímọ̀ ló pè bẹ́ẹ̀; Alájì máa ń fi Faransé pe ọjọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ìjọba. Ọkọ mi ní òun ò rí i kí ó ṣàánú tó bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ níbo ni mo fẹ́ gbé amọ̀ lọ? Yàrá kan àti pálọ̀ la ní. Àtẹliyé kì í ṣí ju Sátidé lọ. Bí amọ̀ bá jáde kúrò nínú kúù, ìkòkò mímọ mi parí nìyẹn, màá padà di ẹni tó ń fi alẹ́ ọjọ́ gbogbo máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo ní láti rí i pé ẹ̀kán amọ̀ kan ò wọ gọ́tà mọ́.

Mo ṣí ìwé kan tí wọ́n yá mi ní àtẹliyé. Ìwé náà ní ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó bá fẹ́ tún amọ̀ lò gbọ́dọ̀ ní ni ẹ̀rọ ìpo-amọ̀. Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó tóbi ju pálọ̀ wa lọ. Mo pa ìwé dé.

Ìyá ọkọ mi ló gbà mí. Yàrá tó tẹ̀lé tiwa ló ń gbé, ògì ló ń ṣe tà, àwọn ará Nàìjíríà àti àwọn ará Benin sì ń ti ọ̀nà jíjìn bíi Siporex wá rà á. Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, ó bá mi níwájú ilé tí mò ń fi ọwọ́ méjèèjì fún amọ̀ kan tó rin gbindin bí ẹni ń fún aṣọ.

"Ìyàwó, kí nìyẹn?"

"Mo fẹ́ fún omi kúrò lára amọ̀ ni, Màmá."

"Ṣé ó ń fún?"

"Kò fún."

Ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ mi, ó jókòó. "Ògì lò ń ṣe yẹn. O ò kàn mọ̀ ni."

"Amọ̀ ni, Màmá."

"Mo rí i pé amọ̀ ni. Ṣé ojú mi fọ́ ni? Mo ní bí a ṣe ń ṣe ògì la ó ṣe ṣe é. Ìwọ rẹ àgbàdo tútù rí? Àgbàdo gbígbẹ là ń rẹ. Lọ sá ìyẹn kó gbẹ."

Ohun tí ìwé ò lè fi ojú ewé ogójì ṣàlàyé nìyẹn. Amọ̀ tí kò gbẹ tán, bí o rẹ ẹ́ sínú omi di ọdún tó ń bọ̀, á kàn máa wò ọ́ ni. Àmọ́ èyí tó gbẹ tó sì ń dún kokoko, bí o bá dà á sómi, á máa mí fúùfúù, á sì tú ká fúnra rẹ̀ bíi ṣúgà. Mo sá gbogbo èérún mi sórí páànù, mo fi odó kékeré lù wọ́n, mo rẹ wọ́n. Ó ku asẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní asẹ́ yín."

"Asẹ́ mi?"

"Mo máa fọ̀ ọ́."

"Ìyàwó, mo fẹ́ràn rẹ," ó ní, ó sì gbé asẹ́ rẹ̀ wọlé.

Mo ṣe tèmi. Mo gé ìdí agolo tòmátò ńlá kan kúrò, mo fi àwọ̀n fèrèsé dí i, mo sì fi wáyà dì í yí ká. Asẹ́ yẹn dá òkúta, irun búrọ́ọ̀ṣì àti bọ́tìnnì kan tí a ti ń wá láti Kérésì dúró. Ohun tó kọjá nínú rẹ̀ dà bí ògì lóòótọ́, ó funfun, ó kì. Bí o bá fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, á tòrò, amọ̀ á wà nísàlẹ̀, omi mímọ́ á dúró lórí. Omi yẹn ni Màmá ní kí n máa rọra dà sí ìdí ìbẹ́pẹ, kí gọ́tà má gbúròó rẹ̀. Bákan náà ni mo ṣe fi korobá fọ ọwọ́ àti irin iṣẹ́ mi, n kò tún lọ sí ìdí ẹ̀rọ mọ́.

Láti fa omi tó kù, àpò ni wọ́n fi ń so ògì rọ̀. Mi ò ní àpò. Mo lo ṣòkòtò ọkọ mi kan tó ti gbó. Mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, mo da amọ̀ kún un, mo so ó mọ́ igi lẹ́yìn ilé, mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó dúró níwájú ṣòkòtò náà fún ìgbà díẹ̀. Ṣòkòtò náà dúró ṣinṣin lóòótọ́, orúnkún rẹ̀ tilẹ̀ yọ.

"Ta ló wà nínú ṣòkòtò mi?" ó bi mí.

"Amọ̀ ni."

"Ó sanra jù mí lọ."

Ṣòkòtò pẹ́ jù, ó máa gbà tó ọjọ́ mẹ́ta. Nítorí náà mo lọ bá àwọn tó ń ṣe àjà ilé ní òpópónà kejì, wọ́n fún mi ní ìyókù plátírì wọn, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n máa ń pò tó fi ń le bí òkúta. Mo pò ó, mo dà á sínú tìréè. Èyí àkọ́kọ́, mo kánjú yọ ọ́, ó dá sí méjì. Èkejì ni mo fi sílẹ̀ títí ara rẹ̀ fi gbóná tó sì tún tutù, ó jáde ní pẹrẹsẹ, ó nípọn bí ìka mẹ́ta. Mo gbé e lórí bíríkì kó lè máa rí afẹ́fẹ́ lábẹ́. Plátírì yẹn ń mu omi bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Bí mo bá da amọ̀ lé e lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti ṣeé pò. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ kan ni mo fi ń gé e, mo so ìdajì igi ìgbálẹ̀ mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì kó má baà gé èmi náà.

Ó wá ku ibi tí mo máa kó o sí kó má gbẹ. Ọ̀gá kan tó ń tún fírígò ṣe lẹ́bàá ọjà ní fírígò kan tó ti kú, tó ń fi ṣe àga. Mo ní kó fún mi. Ó ní kí n jẹ́ kí òun tún un ṣe. Mo ní kó má tún un ṣe rárá. Inú bí i. Ó ní òun lè tún un ṣe o. Mo ní mo mọ̀. Mo yọ irin tó ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, nítorí olùkọ́ ni mí, mo sì mọ irú ibi tí ọmọdé máa ń sá pamọ́ sí. Rọ́bà etí rẹ̀ ṣì dáa, ìyẹn ló ń dá ọ̀rinrin dúró. Mo gbé abọ́ omi kan pẹ̀lú kànìnkànìn sí ìsàlẹ̀, mo wá ń di amọ̀ sínú ọ̀rá, mo ń tò ó sórí pẹpẹ rẹ̀ bí bọ́tà.

Alájì bá wa lẹ́nu ọ̀nà níbi tí a ti ń gbé fírígò wọlé.

"Ṣé iná mi ló máa jẹ?"

"Kì í jẹ iná, Alájì."

"Kí ló ń jẹ?"

"Amọ̀ ni."

Ó kọjá lọ.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mi ò tíì sọ. Korobá tí mo ń lò, kunlékunlé kan ló fún mi ní márùn-ún, korobá ọ̀dà funfun, ìdérí wọn funfun, wọ́n jọra bí ìbejì márùn-ún. Màmá mú méjì nínú wọn. Ó ní ọ̀yà iṣẹ́ tí òun kọ́ mi ni, pé korobá ògì tòun ti sán. Mo mọ ohun tí ẹ ti ń retí. Ẹ ti rò pé ẹnì kan máa mu amọ̀ nínú ìtàn yìí. Kò sí ẹni tó mu amọ̀. Ẹ fara balẹ̀.

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó ku ọ̀la kí Alájì wá wo gọ́tà, òjò ṣú lójijì. Gbogbo kúù dìde, oníkálukú ń kó ohun tó bá sún mọ́ ọn sá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ ẹlòmíràn, ata ẹlòmíràn, korobá ẹlòmíràn. Ọ̀fìnkìn ń dà mí láàmú láti àná, n kò gbóòórùn nǹkan kan. Nígbà tí òjò dá, mo gbé korobá kan, mo rọra da omi orí rẹ̀ sí ìdí ìbẹ́pẹ, mo da èyí tó kì sórí plátírì. Mi ò tíì rí amọ̀ tó tètè gbá jọ bẹ́ẹ̀ rí. Mo yin ara mi. Mo kó o mọ́ ìyókù amọ̀ mi, mo pò ó, mo fi wáyà gé e, mo tún un pò, mo dì í sínú ọ̀rá ní ìdì márùn-ún, mo tì í mọ́ inú fírígò.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn Màmá.

"Ìyàwó, ògì mi wúwo lónìí."

Mo dé ibẹ̀. Ó ti ki ọwọ́ bọ korobá, ó ń fi ìka ra ohun tó bù jáde. Ó gbé e sún mọ́ imú. Lẹ́yìn náà ó wo tábìlì mi, ó wo plátírì mi, ó wo fírígò.

"Níbo ni ògì mi wà?"

Mo fi ẹnu júwe fírígò.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Màmá."

"O pò ó?"

"Mo pò ó dáadáa."

Ó jókòó sórí àpótí. "Ti Alájì wà nínú rẹ̀," ó ní.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú kúù pé ẹ̀kọ mímu Màmá ni Alájì fi ń ṣí ẹnu ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, láti ìgbà tí wọn ò tíì kan òrùlé mọ́ ilé náà. Màmá ní kí n má sọ nǹkan kan, kí n fi sílẹ̀ fún òun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ sọ fún un pé ògì òní ò tíì kan. Alájì wò ó, ó gba búrẹ́dì àti kọfí, ó sì ń jẹ ẹ́ bí ẹni tó ń ka lẹ́tà láti ilé ẹjọ́.

Ó ti mọ́ṣáláṣí dé ní ọ̀sán, ó wọ jalámíà funfun, ó mú irin kan dání. Gbogbo kúù ní iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe ní ìdí gọ́tà ní àkókò yẹn gan-an. Ó ṣí páànù níbi mẹ́ta, ó fi irin ro ìdí rẹ̀, ó gbé irin náà sókè, ó wò ó. Ó da omi búùtà kan sí òkè, ó bá omi náà rìn lọ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n jọ dé.

"Gọ́tà mọ́," ó ní.

Mo ti fẹ́ dúpẹ́ nígbà tó ní, "Ṣí fírígò yẹn kí n rí i."

Mo ṣí i. Ooru ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Kódà èmi ọlọ́fìnkìn gbóòórùn rẹ̀.

"Kí ló ń rùn bí ògì?"

"Ògì ni," Màmá dáhùn kí n tó la ẹnu. "Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

"Nínú fírígò tí kò níná?"

"Kò níná, Alájì, àmọ́ ó ní ilẹ̀kùn."

Alájì rò ó. Ó jọ pé ó rí ọgbọ́n nínú rẹ̀. "Ó ti kan báyìí. Ẹ fi ṣe ẹ̀kọ fún mi kí n tó lọ sí ìsọ̀."

Màmá wò mí. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run bóyá òjò tún fẹ́ rọ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ̀rọ̀, amọ̀ mi lè jáde lónìí yìí. Mo sì mọ̀ pé bí mo bá dákẹ́, ìyá arúgbó yìí á dúró síwájú gbogbo kúù nídìí irọ́ tó pa nítorí mi.

"Alájì, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "ògì yẹn wà nínú amọ̀."

"Lórí amọ̀ ni àbí nínú amọ̀?"

"Nínú rẹ̀. Mo pò wọ́n pọ̀. Korobá ló jọra."

Ó mú ìdì kan, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún un tẹ̀. "Ó rọ̀."

"Ó rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," mo ní. Òótọ́ ni. Ògì mú amọ̀ yẹn rọ̀ bí etí.

Ó yíjú sí Màmá. "Ìyá ológì, ẹ parọ́ fún mi."

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni, Alájì. Ẹ má gbàgbé ti àárọ̀."

Alájì lọ jókòó sórí àga rẹ̀. Kò sí ẹni tó kúrò ní ìdí gọ́tà. Ó gbé irin rẹ̀ sílẹ̀, ó dá ẹjọ́ náà.

"Ohun tí mo sọ ní fàǹdìrédì tó kọjá ni pé amọ̀ ò gbọdọ̀ wọ gọ́tà. Amọ̀ ò wọ gọ́tà. Mi ò sọ nǹkan kan nípa ògì. Amọ̀ dúró." Mo kúnlẹ̀ láti dúpẹ́, ó gbé ọwọ́ sókè. "Àmọ́ ògì mi ló wà nínú rẹ̀. Ife tó bá jáde níbẹ̀, tèmi ni. Mètírésì, lọ gbé ọ̀dà wá."

Èmi ni mo kọ ọ́, nítorí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ló dáa jù nínú kúù, mo kọ ọ́ ní Yorùbá, mo sì kọ ọ́ ní Faransé sábẹ́ rẹ̀: Òfin kẹjọ, ògì àti amọ̀ kò gbọdọ̀ wà nínú korobá tó jọra. Mo fi ìyókù ọ̀dà kun ìdérí korobá tèmi ní dúdú.

Fírígò rùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ewú hù lára amọ̀ náà, mo sì ń fọ̀bẹ ha á kúrò. Mo fi mọ ife kan, etí rẹ̀ fẹ́lẹ́, wọ́n sun ún ní àtẹliyé, kò sán. N kò tíì mọ èyí tó dára tó o títí dòní. Inú rẹ̀ ni Alájì ti ń mu ẹ̀kọ rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ Jímọ̀, Màmá ló ń bù ú fún un, èmi sì ni mò ń bá Màmá sẹ́ ògì ní gbogbo Ọjọ́rú, pẹ̀lú asẹ́ tirẹ̀, ó sì máa ń wò mí ní gbogbo ìgbà tí mo bá dì í mú.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìyàwó tuntun kan kó wá sí yàrá ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ omi. Ó dúró níwájú ògiri ní ọjọ́ tó dé, ó ka òfin láti ìkíní dé ìkẹjọ, ó sì bi mí pé ta ló po ògì mọ́ amọ̀.

Mo ní èmi ni, àmọ́ ó ti pẹ́.